Kí A Tó Gba Búrẹ́dì Lọ́wọ́ Ọmọ

Òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu dókítà pé ọmọ òun ní ọ́tísímù kì í wá ìmọ̀ràn tì. Kó tó jókòó dáadáa, ohùn ẹnì kan á ti wọlé sórí WhatsApp rẹ̀, bóyá láti Lọ́ńdọ̀nù, bóyá láti Amẹ́ríkà, bóyá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, pé kó yọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe kúrò nínú oúnjẹ ọmọ náà, kó yọ mílíìkì pẹ̀lú, pé kò ní pẹ́ tí ọmọ tí kò tíì pe màmá rí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá o. Àánú ọmọ ló ń ṣe é. Ìyá ọmọ náà kò sì jẹ̀bi kankan tó bá gbọ́, tó sì wọ ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń kó búrẹ́dì àti agolo mílíìkì sínú àpò. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí, nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí agolo. Mo fẹ́ kó dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Oúnjẹ tí kò ní ìyẹ̀fun àlìkámà, tí kò ní mílíìkì, kì í wo ọ́tísímù. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é. Ṣùgbọ́n inú lè máa run ọmọ tó ní ọ́tísímù kó má sì lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́, ọ̀pọ̀ òbí tó ní àwọn rí ìyípadà kò sì parọ́. Ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Dída wọn pọ̀ ló ń ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ní ká yọ. Bí ẹ bá ti wo ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì rí, ẹ ó ti rí i pé bó ṣe ń pò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fà tó, tí á máa na bíi rọ́bà tí kò ní já. Ohun tó ń mú un fà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní glúténì, purotéènì tó wà nínú àlìkámà, nínú ọkà báálì àti nínú ọkà ráì. Kò sí nínú àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, gbágùúdá tàbí iṣu. Ti mílíìkì ni kaséènì. Purotéènì lòun náà, òun ló ń dì nígbà tí àwọn obìnrin Fúlàní bá ń ṣe wàrà. Ẹ má gbàgbé pé mílíìkì tún ní nǹkan mìíràn nínú, ṣúgà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní láktóòsì. A ó padà wá bá a, nítorí òun ló di ọ̀pọ̀ ìdáhùn mú lọ́wọ́.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ní 1979, Jaak Panksepp, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ìwà àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù jọ ti ẹranko tí wọ́n fún ní oògùn bíi mọ́fíìnì: wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún wá ìyá wọn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ìrora pàápàá kì í tètè hàn lójú wọn. Kalle Reichelt ní Norway àti Paul Shattock ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èrò náà síwájú. Wọ́n ní bí glúténì àti kaséènì kò bá dà tán nínú ikùn, wọ́n máa ń di ẹ̀rún kéékèèké tó jọ irú oògùn bẹ́ẹ̀, pé ìfun àwọn ọmọ yìí ń jò, pé ẹ̀rún náà ń gba ibi tó ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dé ọpọlọ. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni, ó sì ní ohun kan tó dára: ó ṣeé yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí ẹ̀rún wọ̀nyí jáde nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ náà. Ní 2008, àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde àyẹ̀wò ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin 65 tó ní ọ́tísímù jáde, wọ́n fi wé ti àwọn ọmọ tí kò ní in. Wọn kò rí ẹ̀rún kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ṣì ń gba owó lọ́wọ́ òbí láti yẹ ìtọ̀ ọmọ wò fún nǹkan yìí, ó sì ń dùn mí.

Ti ìdánwò lára ọmọ ńkọ́? Ní Norway, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 pín ọmọ 20 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n yí oúnjẹ ìdajì wọn padà fún ọdún kan, wọ́n sì ròyìn pé àwọn yẹn ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ìròyìn yìí ló ta kiri ayé. Ohun tí kò bá a ta kiri ni pé àwọn òbí mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ wọn wà. Ẹni tó ti ń jí ní ìdájí fún odindi ọdún kan láti se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ọmọ, báwo ni ojú rẹ̀ kò ṣe ní máa wá ìlọsíwájú? Ìwádìí ọmọ 72 kan tún jáde ní Denmark ní 2010, tó rí ìyàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà àwọn òbí mọ ohun tí ọmọ ń jẹ, ọ̀pọ̀ sì ti fi í sílẹ̀ kó tó parí. Ní Florida, lọ́dún 2006, wọ́n ṣe é lọ́nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ 15, ọ̀sẹ̀ 12, àwọn òbí àti àwọn tó ń wo ìwà ọmọ kò mọ ìgbà tí glúténì àti kaséènì wà nínú oúnjẹ àti ìgbà tí wọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣeé dì mú. Ẹ gbọ́ èyí tó kù: àwọn òbí kan nínú wọn sọ pé àwọn rí i pé ọmọ àwọn sunwọ̀n sí i, wọ́n sì ní àwọn á máa bá oúnjẹ náà lọ.

Èyí tí mo kà sí jù ni ti Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, tí dókítà ọmọdé kan, Susan Hyman, jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n. 14 ló bá a dé òpin. Wọ́n kọ́kọ́ yọ glúténì àti kaséènì kúrò lẹ́nu gbogbo wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, onímọ̀ nípa oúnjẹ sì ń tọ́ àwọn òbí sọ́nà kí ohun aṣaralóore má bàa wọ́n ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìpápánu bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Lọ́sẹ̀ kan, àlìkámà wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ mìíràn, mílíìkì ni. Lọ́sẹ̀ mìíràn, méjèèjì. Lọ́sẹ̀ mìíràn, kò sí ọ̀kankan. Ìyá kò mọ̀, olùkọ́ kò mọ̀, ẹni tó ń kọ ìwà ọmọ sílẹ̀ kò mọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́rin tó di ìpápánu kékeré kan mú, tó ń gé e jẹ, àti àwọn àgbà tó yí i ká, tí wọ́n ń dúró wo bí yóò ṣe sùn lóru, bí ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí láàárọ̀, bóyá ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Bí àlìkámà bá ń gun ọmọ yìí bí oògùn, ibẹ̀ ló ti yẹ kó hàn. Kò hàn nínú oorun, kò hàn nínú ìgbẹ́, kò hàn nínú ìwà. NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2013 pé kí wọ́n má ṣe lo oúnjẹ tí a yọ glúténì tàbí kaséènì kúrò nínú rẹ̀ láti fi tọ́jú ọ́tísímù fúnra rẹ̀ lára ọmọdé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí rédíò rẹ̀ báyìí tó ń sọ pé: ẹ gbé ìwé yín jìnnà, èmi yọ mílíìkì, ọmọ mi sinmi, ó ṣojú mi. N kò ní pe irú òbí bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́, n kò sì ní pè é ní aláìmọ̀kan. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Ìkíní ni pé ìrètí máa ń fi nǹkan hàn wá. Ní 1998, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé ọmọ mẹ́ta tó ní ọ́tísímù sunwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní secretin. Àwọn òbí sáré tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dán an wò lára ọmọ 60: àwọn kan gba secretin, àwọn kan gba omi iyọ̀ lásán. Àwọn tó gba omi iyọ̀ sunwọ̀n bí àwọn tó gba oògùn. Wọ́n sọ èsì yìí fún àwọn òbí, síbẹ̀ èyí tó ju ìdajì wọn lọ ṣì fẹ́ oògùn náà fún ọmọ wọn. Kì í ṣe àìgbọ́n. Ọmọ tó ní ọ́tísímù ń dàgbà bí ọmọ yòókù ti ń dàgbà. Ó ní oṣù tó máa ń rọrùn, ó ní oṣù tó máa ń le koko. Ìgbà tó bá le koko la máa ń yí oúnjẹ padà, nígbà tí oṣù líle náà bá sì kọjá lọ fúnra rẹ̀, ohun tí a bá ń ṣe lọ́wọ́ la máa ń gbé ìyìn fún.

Ìkejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó kan àwa gan-an. Ní 1971, nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà ọmọdé ní Èkó tó padà wá di mínísítà ètò ìlera, gbé ohun tí wọ́n rí lára àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní láktóòsì mu, wọ́n sì ń wo bóyá ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tó fi hàn pé ara gbà á. Ó gòkè lára ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran. Lára àwọn àgbà Yorùbá àti Igbo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò gòkè lára ẹnì kankan. Ọmọ ọwọ́ wa ń da ọyàn ìyá rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti já lẹ́nu ọyàn, ohun tó ń da ṣúgà mílíìkì nínú ìfun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ṣúgà tí kò dà á wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò inú ibẹ̀ á máa jẹ ẹ́, á máa hó. Inú á wú, á máa kùn, á máa run ni, ìgbẹ́ lè máa ṣàn. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń nímọ̀lára rẹ̀; mílíìkì díẹ̀ nínú tíì kì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń fún ní ife mílíìkì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti kó tó sùn, nítorí pé òun nìkan ni ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wá wo ọmọ méjì tí inú ń run nítorí mílíìkì. Ọ̀kan á fi ọwọ́ lé ikùn, á ní, "Màmi, inú ń run mí." Wọ́n á bu omi gbígbóná fún un, wọ́n á bi í ohun tó jẹ, ọ̀rọ̀ á parí. Èkejì kò ní ọ̀rọ̀. Á fi ikùn ti apá àga, á tẹra mọ́ ọn. Á bu ara rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ. Á dìde láago méjì òru, á máa rìn yíká pálọ̀, á máa ké. Àwọn tó wà nílé á wo ara wọn, wọ́n á ní ọ́tísímù rẹ̀ tún ti dé. Bí ẹnì kan bá wá yọ mílíìkì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ikùn yẹn á rọlẹ̀. Ọmọ á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tó sùn máa ń jókòó, ọmọ tí nǹkan kò run nínú máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é, ó tilẹ̀ lè gbójú sókè wò wọ́n. Ìyá á sọ pé ọ́tísímù ń lọ. Ìrora ló lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà ṣàìsùn lè ní kí ló kan òun nínú orúkọ tí wọ́n fún un, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti sùn. Ó kàn án gidigidi. Bó bá jẹ́ ṣúgà mílíìkì ló fà á, búrẹ́dì kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sì sídìí láti gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Kaséènì náà kò sí nínú ẹjọ́ yìí: yógọ́ọ̀tì àti wàrà, tí ṣúgà inú wọn dín kù ju ti mílíìkì lọ, lè bá a lára mu, ọmọ á sì ṣì máa rí ohun tí egungun rẹ̀ nílò. Bí kì í bá sì ṣe mílíìkì rárá, tó jẹ́ ìgbẹ́ tó ti gan sínú láti ọ̀sẹ̀ kan, tàbí eyín tó ti jẹrà lẹ́nu ọmọ tí kò jẹ́ kí wọ́n fọ ẹnu òun, àlìkámà tí a yọ kò ní wò ó, oṣù mẹ́ta á sì ti lọ.

Wọ́n lè bi mí pé, àwọn ìwádìí yẹn kò ha yọ àwọn ọmọ tó ní àìsàn ìfun sẹ́yìn? Wọ́n yọ àwọn kan, ìbéèrè náà sì tọ́. Ohun tí mo ń sọ ni ó ń tì lẹ́yìn: inú ni ká wò. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní coeliac, tí ara ẹni tó bá ní in máa ń bá ìfun ara rẹ̀ jà nígbàkígbà tí glúténì bá wọ ibẹ̀. Willem Dicke, dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, ti ń fura sí àlìkámà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà ìyàn ńlá 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó níbẹ̀, ó rí i pé àwọn ọmọ tó ní àrùn náà ń sàn lásìkò tí àwọn ẹlòmíràn ń rù. Nílẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ló ní in. Ọmọ tó ní ọ́tísímù lè ní in bí ọmọ mìíràn, ẹni tó bá sì ní in kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan àlìkámà mọ́ láéláé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi í hàn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò wúlò àfi tí ọmọ bá ṣì ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ara ń pèsè láti bá glúténì jà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí glúténì bá ti kúrò fún ìgbà díẹ̀, ohun náà á lọ sílẹ̀, ìwé láti láàbù á sì wí pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìyá yẹn dá ọwọ́ dúró. Bó bá da búrẹ́dì náà nù lálẹ́ yìí, tó wá lọ bá dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n lè ní kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní àlìkámà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó lè mọ òótọ́.

Àwọn kan á ní, ó dára, bí kò bá tilẹ̀ wo ọ́tísímù, kò lè pa ọmọ lára. Oúnjẹ ni, kì í ṣe májèlé. Ibí ni n kò ti lè bá wọn gbà rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísímù kì í jẹ ju oúnjẹ bíi mẹ́rin márùn-ún lọ, kì í sì í ṣe àkẹ́jù tàbí agídí. Bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, ariwo tó ń ṣe láàárín eyín, gbogbo rẹ̀ ló ń le lára wọn ju bó ṣe ń le lára wa. Ọmọ kan lè máa jẹ Indomie tí wọ́n bá gbẹ omi rẹ̀ tán, nínú àwo pupa kan ṣoṣo, láìsí alùbọ́sà; bí alùbọ́sà ẹyọ kan bá yọ lójú, ó parí nìyẹn, á gbé àwo náà tì, kò sì ní jẹun mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ wá wo ohun tó sábà máa ń wà nínú oúnjẹ mẹ́rin márùn-ún yẹn nílé wa: Indomie, búrẹ́dì, bísíkíìtì, mílíìkì, sùpàgẹ́tì. Ẹni tó bá yọ àlìkámà àti mílíìkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ti kó gbogbo oúnjẹ ọmọ náà lọ. Àwọn tó ń sọ pé ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n kò mọ irú ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rù títí wọn á fi gbé e dé ọsibítù.

Egungun náà tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 wo egungun ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin 75 tó ní ọ́tísímù, láti ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ. Egungun wọn fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ti àwọn tí wọ́n gba kaséènì lọ́wọ́ wọn ló sì burú jù. Nàìjíríà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bani lẹ́rù jù, nítorí kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le kò pọ̀ nínú oúnjẹ ọmọ wa tẹ́lẹ̀. Ní Jos, Tom Thacher àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Oòrùn tó ń fún ara ní fítámìnì D kò wọ́n wọn. Kálísíọ̀mù ló wọ́n wọn: nǹkan bíi mílígíráàmù 200 ni irú wọn ń rí jẹ lójúmọ́, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ń pe ti ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ní 1000. Ìwádìí mìíràn ní Jos tún fi hàn pé ẹja tí wọ́n lọ teegunteegun lè wo irú àrùn ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí mílíìkì bá di èèwọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nítòótọ́, kó kọ́kọ́ wá ohun tí yóò gba ipò rẹ̀: ẹja kéékèèké tí a lọ teegunteegun sínú ọbẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín títí ọmọ kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ewédú, yànmọ̀tí tí a yan tí a sì lọ kúnná. Bí ọmọ bá kọ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ dókítà àti kálísíọ̀mù oníhóró ló kù, n kò ní fi ìyẹn dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹlòmíràn á ní àwa Yorùbá kò ní wàhálà nínú èyí, oúnjẹ ìbílẹ̀ wa kò mọ àlìkámà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, ìtùnú ńlá ni fún ẹni tí àyẹ̀wò bá ti sọ pé kí ọmọ rẹ̀ má jẹ ẹ́ mọ́. Iyán, àmàlà, láfún, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, àsáró, ìkọ́kọrẹ́, dòdò, gúgúrú, kò sí glúténì nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí mílíìkì. Kò pọn dandan kí irú òbí bẹ́ẹ̀ máa fi owó ilé-ìwé ra búrẹ́dì ọ̀tọ̀ tó ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n àlìkámà ti gba ẹ̀yìn wọlé. Sẹ̀mó, àlìkámà ni. Bọ́ńsì, pọ́fùpọ́fù, ṣinṣin, míìtì páì, àlìkámà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá dín dòdò nínú òróró tí wọ́n fi dín pọ́fùpọ́fù, bí wọ́n bá fi orógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú sẹ̀mó ro ẹ̀bà ọmọ tó ní àrùn coeliac, wọ́n ti fún un jẹ láìmọ̀. Ohun mímu oníṣokoléètì inú agolo tí gbogbo wa ń pè ní tíì lè ní ọkà báálì àti mílíìkì pọ̀ nínú. Ẹ yí agolo padà, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí wheat, barley, malt, milk powder tàbí whey, ẹ ti rí i nìyẹn. Ìyá àgbà tó ń fi bísíkíìtì bọ ọmọ lọ́wọ́ níkọ̀kọ̀ nítorí ìfẹ́, àti olùkọ́ tó ń pín kéèkì ọjọ́ ìbí ní kíláàsì, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn gbọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀.

Ó ku ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, tí dókítà ti wo ikùn, eyín àti ìgbẹ́ rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀ nípa oúnjẹ. N kò ní lé irú òbí bẹ́ẹ̀ padà. Kó dán an wò, ṣùgbọ́n kó ṣe é bíi ti Rochester, níwọ̀n bí agbára ilé bá ṣe mọ. Kó ra ìwé olójú ewé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yí ohunkóhun padà, kó máa kọ wákàtí tí ọmọ sùn sílẹ̀, ìgbà tó yàgbẹ́, iye ìgbà tó bú sẹ́kún tàbí lu ara rẹ̀, kó sì wọn ọmọ lórí ìwọ̀n. Nǹkan kan ni kó yọ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe méjèèjì. Mílíìkì ni kó kọ́kọ́ kúrò, nítorí ìdí tí mo ti sọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sì tó láti mọ̀ bí ṣúgà rẹ̀ bá ń da ikùn láàmú. Kó fi oúnjẹ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ọmọ mọ̀, ìwọ̀n ìka kan, lójoojúmọ́, kó tó mú èyí tí ọmọ mọ̀ kúrò. Kó má sọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà fún olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé, bí kò bá sí àrùn tó béèrè ìṣọ́ra, kó kàn máa bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọmọ ti ṣe sí. Nígbà tí àsìkò bá pé, kó dá nǹkan náà padà, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ ṣe, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n, òun gan-an ló sì ń sọ òótọ́ jù. Bí inú bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ, ìdáhùn ti dé, kí dókítà àti onímọ̀ nípa oúnjẹ bá wọn ṣètò èyí tó kù. Bó bá sì jẹ́ bákan náà ni òru ọmọ ṣe rí nígbà tí nǹkan náà kò sí àti lẹ́yìn tó padà dé, ẹ jẹ́ kó máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀, kí owó búrẹ́dì òkè òkun yẹn lọ bá ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.